Ṣé iyọ̀ ni wọ́n san fún ọmọ ogun Róòmù lóòótọ́? Ẹ bá mi tú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí wò

Tíṣà_Èkìtì, Ọjọ́rú, aago 7:12 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, oníwàásù kan ń wàásù lórí "ẹ̀yin ni iyọ̀ ayé." Ó wàásù dé ibì kan, ó ní iyọ̀ níyì débi pé òun ni ìjọba Róòmù fi ń sanwó fún àwọn ọmọ ogun, pé ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí salary. Gbogbo ìjọ ké "háà!" Èmi náà ké e. Ìgbà tí a délé ni ọmọ mi tó wà ní SS2 bi mí pé, "Dádì, bí wọ́n bá san iyọ̀ fún sójà, kí ni sójà á fi ra búrẹ́dì?" Mi ò rí èsì kankan fún un. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún mọ́kànlélógún!

Ta ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ sì bá mi kó àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó ti ìgbésí ayé àwọn ará Róòmù wá síbí. Mo fẹ́ lò wọ́n ní kíláàsì.

Olóko_Ìṣẹ́yìn, aago 7:40 àárọ̀

Iyọ̀ ni wọ́n san. Mo ti gbọ́ ọ ní rédíò. Kí sójà lọ fi pààrọ̀ búrẹ́dì, ṣebí àwọn baba wa náà ṣe pàṣípààrọ̀ rí.

Akọ́Látìnì, aago 8:05 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Mo ka ẹ̀kọ́ nípa Gíríìkì àti Róòmù ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń rin mí lára.

Salarium ni ọ̀rọ̀ Látìnì náà. Sal ni iyọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ń wọn iyọ̀ sí àpò sójà. Kò sí òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni Pliny, èyí tó kú nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù ní ọdún 79. Ó kàn sọ pé ara iyọ̀ ni orúkọ salarium ti yọ, kò sọ bó ṣe yọ. Owó fàdákà ni sójà ń gbà. Lẹ́yìn tí Julius Caesar sọ owó wọn di ìlọ́po méjì, denarius 225 ni ẹyọ sójà kan ń gbà lọ́dún. Orúkọ owó yẹn sì ni stipendium, tó di stipend lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Salarium jẹ́ owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ìjọba.

Olóko_Ìṣẹ́yìn, aago 8:11 àárọ̀

Tí kì í bá ṣe iyọ̀ ni wọ́n san, kí ni iyọ̀ ń wá nínú orúkọ owó?

Ìyá_Ìbejì, aago 8:19 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló le níbẹ̀? Bí ọkọ mi bá fún mi lówó ọbẹ̀, ṣé ọbẹ̀ ló bù sí mi lọ́wọ́ ni?

Akọ́Látìnì, aago 8:23 àárọ̀

Màmá, ẹ ti parí ẹ̀. Odindi ìwé ni mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò là á yé mi tó báyìí.

Tíṣà_Èkìtì, aago 8:30 àárọ̀

Owó ọbẹ̀! Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Ìbejì. Ó ku àwọn yòókù o.

Jọ́nálíìsì_Abẹ́òkúta, aago 9:03 àárọ̀

Candidate ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Candidus ni funfun tó ń dán ní Látìnì. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò ní Róòmù á mú tógà rẹ̀, ìyẹn aṣọ ńlá tí wọ́n máa ń dá bora, á fi ẹfun kùn ún títí á fi funfun báláú, kí gbogbo ọjà lè rí i lókèèrè. Candidatus, ẹni tó wọ funfun. Livy kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé ní ọdún 432 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má fi funfun kún aṣọ rẹ̀ nítorí ìbò. Ẹ̀yin náà lè rí i pé òfin yẹn ò ta wọ́n lára, torí orúkọ ọ̀hún ló ṣì wà lórí pátákó ìpolongo títí dòní.

Ambition ńkọ́? Ambire ni kéèyàn máa rìn yí ká. Olùdíje á máa káàkiri ọjà, á máa bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ẹrú kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa sọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ sí i létí, kó lè dà bíi pé ọ̀gá mọ gbogbo ayé. Nomenclator ni wọ́n ń pe ẹrú yẹn. Mo ti tẹ̀ lé olóṣèlú rìn rí nígbà ìpolongo, mo sì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà, àmọ́ PA ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwa.

Inú ìrìnkáàkiri yìí náà ni wọ́n ti rí ambitus, ẹ̀ṣẹ̀ fífi owó ra ìbò. Ní ọdún 63 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero tó jẹ́ kọ́ńsúlù, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjọba Róòmù, lọ́dún náà mú òfin wá pé kí wọ́n lé ẹni tó bá ṣe é kúrò nílùú fún ọdún mẹ́wàá.

Olóko_Ìṣẹ́yìn, aago 9:10 àárọ̀

Ọdún mẹ́wàá? Tí wọ́n bá gbé òfin yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ta ni yóò kù nílé ìgbìmọ̀?

Jọ́nálíìsì_Abẹ́òkúta, aago 9:14 àárọ̀

Ẹ dúró ná, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fẹ̀sùn ambitus kan ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Murena, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò. Ta ló lọ gbèjà rẹ̀ nílé ẹjọ́? Cicero tó ṣòfin. Wọ́n sì dá Murena sílẹ̀.

Púlọ́ńbà_Mushin, aago 10:26 àárọ̀

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú àárọ̀ o. Oníbàárà mi kan sọ fún mi pé orúkọ iṣẹ́ mi náà ti Róòmù wá. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn fẹ́ kí n dín owó kù fún òun?

Akọ́Látìnì, aago 10:41 àárọ̀

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má dín owó kù. Plumbum ni òjé. Òjé ni àwọn ará Róòmù fi ń ṣe páìpù tó ń gbé omi wọ ilé olówó àti ilé ìwẹ̀. Wọ́n á yọ́ òjé, wọ́n á dà á pẹlẹbẹ, wọ́n á ká a róbótó, wọ́n á jó etí rẹ̀ pọ̀. Plumbarius ni ẹni tó ń ṣe é. Ẹ bá ọmọ ilé ìwé kankan tó ń ka kẹ́místírì sọ̀rọ̀: lẹ́tà méjì tí wọ́n fi ń kọ òjé ni Pb, plumbum náà ni.

Púlọ́ńbà_Mushin, aago 10:50 àárọ̀

Òjé tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́? Mo ti fọwọ́ kan páìpù rọ́bà, mo ti fọwọ́ kan ti irin, mi ò rí ti òjé rí. Kò burú. Oníṣẹ́ òjé ni mo máa kọ sí pátákó mi báyìí, ká wo ẹni tó máa pè mí.

Agbẹjọ́rò_Ọ̀yọ́, aago 11:32 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó ń bà mí lẹ́rù wá: addict. Lónìí, ẹni tí ọtí tàbí oògùn ti mú lẹ́rú là ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Róòmù, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Addictus ni onígbèsè tí adájọ́ fà lé olówó lọ́wọ́.

Òfin Tábìlì Méjìlá, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Jésù, là á sílẹ̀ kedere. Lẹ́yìn ìdájọ́, onígbèsè ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti wá owó. Bí kò bá rí i, olówó lè mú un lọ sílé kó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ó tó ọgọ́ta ọjọ́. Wọ́n tiẹ̀ kọ oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀: bí onígbèsè ò bá ní oúnjẹ tirẹ̀, kí olówó máa fún un ní ìwọ̀n pọ́nùn ọkà kan lójúmọ́. Láàárín ọgọ́ta ọjọ́ náà, á mú un jáde ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta léra wọn, á kéde iye gbèsè náà ní gbangba, bóyá ará tàbí ọ̀rẹ́ á gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó yọjú, wọ́n lè tà á sí òdìkejì odò Tiber, ilẹ̀ àjèjì nígbà náà. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn, nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ nínú ìròyìn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa dárúkọ ìwọ̀fà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, wọn ò lè tà á, ọjọ́ tí owó bá pé ló ń padà sílé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n èlé lásán ni iṣẹ́ rẹ̀ ń san. Bí ogún ọdún bá kọjá tí ojú owó kò pé, ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ lórí gbèsè tí kò dín kọ́bọ̀.

Ìyá_Ìbejì, aago 11:47 àárọ̀

Ológò ńkọ́? Ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ ìtàn wọn. Olówó á rán ológò sílé onígbèsè, á jókòó síbẹ̀, á máa pariwo, á máa bú wọn, á máa pa adìyẹ tó bá wù ú jẹ, títí ara ilé á fi lọ wá owó níbi tí wọ́n ti lè rí i. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù lónìí, tí wọ́n á máa tẹ àna ẹni àti páítọ̀ ẹni láago nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ológò ni wọ́n. Adìyẹ nìkan ni wọn ò rí pa.

Jọ́nálíìsì_Abẹ́òkúta, aago 12:08 ọ̀sán

Ẹ dárúkọ adìyẹ, ó rán mi létí inauguration. Gbogbo 29 May tí wọ́n bá ń búra fún gómìnà, ẹyẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Augur ni àlùfáà Róòmù tó ń wo ẹyẹ láti mọ̀ bóyá àwọn òrìṣà fọwọ́ sí nǹkan. Auspicious náà, avis ni ẹyẹ, specere ni wíwò.

Bí ogun bá ń lọ, wọ́n á gbé adìyẹ mímọ́ nínú àgò dání. Bí wọ́n bá da oúnjẹ síwájú wọn tí wọ́n jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù, kí wọ́n máa lọ. Ní ọdún 249 ṣáájú ìbí Jésù, nítòsí Drepana ní erékùṣù Sicily, wọ́n wá sọ fún ọ̀gágun Publius Claudius Pulcher pé adìyẹ ò jẹun. Ìtàn sọ pé ó fèsì pé bí wọn ò bá jẹ, kí wọ́n lọ mumi, ó sì ju gbogbo wọn sínú òkun. Ọkọ̀ ogun 93 ni ọ̀tá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá_Ìbejì, aago 12:15 ọ̀sán

Ẹ rí i? Ìdí tí àwọn afọbajẹ fi ń bi Ifá kí wọ́n tó fi ẹnikẹ́ni jẹ ọba nìyẹn. Adìyẹ tí wọ́n ní kó fi rúbọ ló rán lọ lúwẹ̀ẹ́.

Ọmọ_Ọ̀ṣun_Manchester, aago 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ará ilé. Manchester ni mò ń gbé. Ó tó ọdún méje kí n tó mọ̀ pé orúkọ bùdó ogun ni mò ń kọ sí àdírẹ́sì mi. Castra ni ibi tí ọmọ ogun Róòmù pàgọ́ sí. Àwọn tó wá tẹ̀dó sí Bìrìtéènì lẹ́yìn wọn sọ ọ́ di ceaster, ó wá di Chester, Leicester, Gloucester, Lancaster, Doncaster. Wọ́n tiẹ̀ tún apá kan odi bùdó tiwa kọ́ ní Castlefield kí àlejò lè rí i. Fún Púlọ́ńbà: ẹ wá sí ìlú Bath, òjé tí àwọn ará Róòmù tẹ́ sí ìsàlẹ̀ adágún ìwẹ̀ ńlá wọn ṣì wà lábẹ́ omi níbẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni street. Via strata ni ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ òkúta sí. Gẹ̀ẹ́sì sọ strata di street. Àwa náà gba street lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, a sọ ọ́ di títì. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi ń pariwo pé "má sáré kọjá títì o," èdè Késárì ló ń sọ sí mi.

Olóko_Ìṣẹ́yìn, aago 1:26 ọ̀sán

Títì iwájú ilé mi ò ní òkúta, kò ní ọ̀dà. Ẹ bá a wá orúkọ mìíràn.

Bàbá_Aláṣọòkè, aago 2:44 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ẹ kú làákàyè. Owó tí a ná kí náírà tó dé ní 1973 ńkọ́? Pọ́nùn àti kọ́bọ̀. Àmì pọ́nùn yẹn máa ń rú mi lójú, lẹ́tà L tí wọ́n fi igi dábùú, nígbà tó jẹ́ pé P ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀.

Akọ́Látìnì, aago 3:02 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ọ̀sán sà. L ti libra ni, ìwọ̀n tí àwọn ará Róòmù fi ń wọn nǹkan. Libra pondo ni wọ́n máa ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì mú pondo ṣe orúkọ, ó di pound, wọ́n sì mú libra ṣe àmì. Nínú ìwé ìṣirò àtijọ́, d ni wọ́n fi ń kọ pẹ́nì, ìyẹn náà ni denarius, owó fàdákà tí mo dárúkọ láàárọ̀.

Kọ́bọ̀ tún jìn ju ìyẹn lọ. Copper ni a sọ di kọ́bọ̀, torí bàbà ni wọ́n fi ń ṣe owó ẹyọ náà. Cuprum ni copper ní Látìnì, erékùṣù Cyprus ló sì fún un lórúkọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa bàbà. Kọ́bọ̀ ti rìn ju gbogbo wa lọ.

Tíṣà_Èkìtì, aago 4:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwé. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Ìbéèrè kan kù tí àwọn ọmọ máa ń bi mí. Septem ni méje ní Látìnì, kí ló dé tí September fi jẹ́ oṣù kẹsàn-án?

Akọ́Látìnì, aago 4:31 ìrọ̀lẹ́

March ni oṣù àkọ́kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ kà á láti March, September á di ìkeje, December ìkẹwàá. Ìgbà tó yá ni January gba iwájú, àwọn orúkọ sì dúró síbi tí wọ́n wà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún tí February máa ń ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kàlẹ́ńdà wọn ti dàrú débi pé Julius Caesar ní láti fa ọdún 46 ṣáájú ìbí Jésù gùn di ọjọ́ 445 kí ó tó bá oòrùn mu. Ó wá pàṣẹ pé láti ìgbà náà lọ, kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún un ní ọdún kẹrin kẹrin. Wọ́n pa á ní 15 March ọdún 44. Àwọn àlùfáà tó ń tọ́jú kàlẹ́ńdà wá ń fi ọjọ́ náà kún un ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Fún ọdún 36! Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi kún un dípò mẹ́sàn-án, kí Augustus tó dá wọn dúró. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, a máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọn ò mọ ìṣirò.

Bàbá_Aláṣọòkè, aago 5:15 ìrọ̀lẹ́

Kí ni wọ́n ṣe tí ẹ fi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín? Wọ́n mọ̀ ọ́n kà.

Ọjà Òjé ní Ìbàdàn ni mo ti ń ta aṣọ òkè láti kékeré. Ìtàdógún la fi ń ná an. Bí a bá ná an lónìí, òní ni ọ̀kan, ọ̀la ni èjì, títí á fi pé mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ ọjà nìyẹn. Ẹ lọ wò ó nínú kàlẹ́ńdà yín, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ máa rí láàárín. Ọjà ọrọọrún náà, mẹ́rin ni lójú òyìnbó. Ọdún tí èèyàn bá dúró sí ni ọ̀kan. Tí ẹ bá sọ fún èmi náà pé ọdún kẹrin, ohun tí àwọn àlùfáà yẹn ṣe ni mo máa ṣe.

Akọ́Látìnì, aago 5:38 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ gbà mí láyè kí n dọ̀bálẹ̀ síbí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń kà á. Ọjà tiwọn ń wáyé ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ lójú òyìnbó, ṣùgbọ́n nundinae ni wọ́n ń pè é, láti ara novem, ẹ̀sán. Òní ni ọ̀kan tiwọn náà. Mo kọ́ èyí fún ìdánwò, mo sì yege, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọjà Òjé ni mò ń kà.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi. Látìnì kì í sọ pé "ọjọ́ méjì sẹ́yìn." Nudius tertius ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ni pé òní ló di ọjọ́ kẹta. Olùkọ́ wa ní ká kọ́ ọ sórí torí kò bá ọgbọ́n orí mu. Yorùbá ni gbogbo wa nínú kíláàsì yẹn. Ìjẹta ni!

Ìyá_Ìbejì, aago 5:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Látìnì, ẹ wá ń wá ìjẹta kiri.

Tíṣà_Èkìtì, aago 8:52 alẹ́

Mo ti sọ ti owó ọbẹ̀ fún ọmọ mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, Dádì, owó ìwé tí ẹ ń fún mi, ṣé ó pọn dandan kí n fi ra ìwé?" Mo dá a lóhùn bó ṣe yẹ.

Mo pe oníwàásù náà pẹ̀lú. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó dúpẹ́, ó ní òun ò ní í sọ ti iyọ̀ mọ́. Ó ní ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dá òun lójú dáadáa: òun á wàásù lórí sincere, pé sine cera ni, "láìsí ìda," torí àwọn agbẹ́gilére Róòmù máa ń fi ìda dí ojú àléébù ère òkúta kí wọ́n tó tà á.

Akọ́Látìnì, aago 8:55 alẹ́

Tíṣà, ẹ tún un pè lálẹ́ yìí. Sincerus kàn jẹ́ ohun tó mọ́ tí kò ní àbùlà. Kò sí ìda níbẹ̀, kò sí agbẹ́gilére kankan.

Tíṣà_Èkìtì, aago 9:20 alẹ́

Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti pa fóònù.